Ta Ló Ni Kilt? Àríwísí Lórí Orúkọ àti Ìránṣọ Yẹ̀rì Tartan Àwọn Obìnrin Scotland

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àríwísí èrò kan tó ti fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn atúmọ̀ èdè àti àwọn onítàn: pé kilt jẹ́ aṣọ ọkùnrin Scotland, àti pé èyí tí àwọn obìnrin ń wọ̀ jẹ́ àfarawé rẹ̀. A yẹ ìtàn ọ̀rọ̀ náà wò, a yẹ òfin ọdún 1746 wò, a gbé orí ìwé tí Hugh Trevor-Roper kọ ní ọdún 1983 yẹ̀ wò, a sì wo bí aránṣọ ṣe ń fi ọwọ́ rán aṣọ náà ní ìwọ̀n ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́. Ohun tí a rí ni pé ọ̀rọ̀ náà kò yan akọ tàbí abo ní ìpilẹ̀ rẹ̀. Òfin, iṣẹ́ ogun àti àwọn ìgbìmọ̀ ló yàn án fún ọkùnrin. Ní ìparí, a dá àbá nípa orúkọ tí a lè pè é ní èdè Yorùbá.

1. Ìfáárà

Nínú kíláàsì ìtumọ̀ tí mo kọ́ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo gbé àyọkà kúkurú kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti tú láti èdè Faransé sí Yorùbá. Obìnrin kan wà nínú àyọkà náà tó lọ gbé iṣẹ́ fún aránṣọ ní Edinburgh pé kó rán kilt fún òun. Aránṣọ wọn ìbàdí rẹ̀, ó wọn ìdí rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ rán an títí ó fi bá a lára mu. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ «jupe» sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń pè é nílé. Àwọn mìíràn kọ «yẹ̀rì». Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin kan láti Kétu, kọ «ìró oníṣẹ̀ẹ́po».

Mo fi bírò pupa fà á. Mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé rẹ̀ pé: «Kilt kì í ṣe ìró. Aṣọ ọkùnrin ni.» Mo sì yọ máàkì méjì. Nígbà tí mo dá ìwé padà, ó dúró lẹ́yìn kíláàsì, ó ní: «Ẹ jọ̀wọ́, olùkọ́ wa, ṣé aṣọ ọkùnrin wá ni obìnrin inú àyọkà yẹn lọ rán ni?» N kò rí èsì gidi kan fún un. Mo ní kó lọ wo ìwé atúmọ̀ èdè. Lẹ́yìn tó lọ tán ni èmi fúnra mi lọ wò ó.

Iṣẹ́ yìí ni èsì tí n kò lè fún un lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a bá bọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí a bá ń túmọ̀ orúkọ ohun tí a kò ní nílé, a máa ń gba ìtàn tí àwọn alágbára ibẹ̀ ń sọ nípa rẹ̀ mọ́ ọn, bí ẹni pé inú ọ̀rọ̀ náà ni ìtàn náà wà. Bí a kò bá yẹ̀ ẹ́ wò, àwa náà yóò máa fi èdè tiwa gbe irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀.

2. Ọ̀rọ̀-ìṣe ló ṣáájú

Nínú èdè Scots àti èdè Gẹ̀ẹ́sì, kilt jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó di ọ̀rọ̀-orúkọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà ti wà lákọsílẹ̀ láti ọ̀rúndún kẹrìnlá. Ohun tó túmọ̀ sí ni kí ènìyàn ká etí aṣọ rẹ̀ sókè, kó sì fi mọ́ ìdí, kí ẹsẹ̀ lè ráyè rìn tàbí ṣiṣẹ́. Àwọn ará Àríwá Yúróòpù ló mú un wá. Èdè Denmark òde òní ṣì ní «kilte op» fún ìṣe kan náà, èdè Norse àtijọ́ sì ní «kjalta», èyí tó ń tọ́ka sí ìṣẹ́po aṣọ tí a kó jọ síwájú bí àpò.

Ọ̀rọ̀-orúkọ kò yọjú títí di nǹkan bí ọdún 1730. Edmund Burt, ará England kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Inverness, ló kọ ọ́ sínú àwọn lẹ́tà rẹ̀, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní London ní ọdún 1754. «Quelt» ni ó pè é. Bí a bá ṣírò rẹ̀, nǹkan bí irínwó ọdún ni ọ̀rọ̀ náà fi jẹ́ ìṣe kí ó tó di orúkọ aṣọ.

Ta ló ń ṣe ìṣe náà ní gbogbo ìgbà yẹn? Ẹnikẹ́ni tí aṣọ rẹ̀ bá gùn ni. Àwọn obìnrin ni aṣọ wọn sì gùn jù. Nínú orin ìtàn àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní «Tam Lin», ọmọbìnrin náà, Janet, ni ó ká aṣọ rẹ̀ sókè kó tó wọ inú igbó lọ, kilt sì ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí orin náà lò fún un. Burt fúnra rẹ̀, nínú àwọn lẹ́tà kan náà, ṣàpèjúwe àwọn obìnrin tí wọ́n ká aṣọ sókè tí wọ́n wọ inú agbada onígi, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ aṣọ láti fọ̀ ọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ fi orúkọ aṣọ ọkùnrin yẹn hàn wá náà ló fi obìnrin tó ń ṣe ìṣe yẹn hàn wá. Kò so méjèèjì pọ̀, àwọn tó kà á lẹ́yìn rẹ̀ náà kò sì so wọ́n pọ̀.

Ìṣẹ̀dá irú ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwa tí a ń sọ Yorùbá. A ní «ró», a fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ «ì-» kún un, ó di «ìró». A ní «bora», ó di «ìbora». A ní «borùn», ó di «ìborùn». Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò nílò àfòmọ́ níhìn-ín: ọ̀rọ̀ kan náà ni ìṣe àti orúkọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ìrònú kan ni: a kíyè sí ohun tí ọwọ́ ń ṣe sí aṣọ, a sì fi ìyẹn sọ aṣọ lórúkọ. Kò sí ohun kan nínú «ìró» tó sọ pé obìnrin ló gbọ́dọ̀ ró o. Àṣà ló sọ bẹ́ẹ̀. Kò sì sí ohun kan nínú «kilt» tó sọ pé ọkùnrin ni.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ kejì tó máa ń tẹ̀ lé e. Orúkọ tí àwọn aránṣọ Scotland sábà ń pe ti obìnrin ni «kilted skirt». Skirt wá láti inú «skyrta» ti èdè Norse, tí ó túmọ̀ sí ẹ̀wù àwọ̀sókè. Òun àti shirt, tó jẹ́ ti èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Èyí tó wà lókè ara bọ́ sí ìsàlẹ̀ nínú ọ̀kan, ó sì dúró sókè nínú èkejì. Ọ̀kan di ti obìnrin, èkejì sì di ti ọkùnrin. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ aṣọ máa ń ṣí kiri lára ènìyàn.

Nísinsìnyí, kí ni «kilted» túmọ̀ sí nínú «kilted skirt»? Bí a bá tẹ̀ lé ìpilẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe tó ti di àpèjúwe ni: yẹ̀rì tí a ti ká, tí a ti ṣẹ́ po. Kò túmọ̀ sí yẹ̀rì tó ń ṣe bí kilt. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ èdè náà lónìí máa ń gbọ́ orúkọ aṣọ ọkùnrin nínú rẹ̀. Wọ́n ti tún ọ̀rọ̀ náà tú: wọ́n mú un kúrò lọ́dọ̀ ìṣe, wọ́n sì so ó mọ́ orúkọ. Irú àtúntú bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ nínú gbogbo èdè, kò sì sí ẹ̀sùn nínú rẹ̀. Àṣìṣe wa ni kí a mú ohun tó ṣẹlẹ̀ gbẹ̀yìn kí a sì fi ṣe ìpilẹ̀.

A gbọ́dọ̀ fi kún un pé kilt àti tartan kì í ṣe ọ̀rọ̀ èdè Gaelic tí àwọn ará òkè Scotland ń sọ. Aṣọ náà ni wọ́n ń pè ní «féileadh», àwọn àwọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní «breacan», èyí tó wá láti inú «breac», ohun alámì tótòtó tàbí aláwọ̀ oríṣiríṣi. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé «tiretaine» ti èdè Faransé ni tartan ti wá, oríṣi aṣọ kan sì ni ọ̀rọ̀ yẹn ń tọ́ka sí, kì í ṣe ìlà ara rẹ̀. Nítorí náà, orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ aṣọ náà jẹ́ orúkọ tí àwọn àjèjì sọ ọ́. Èdè Faransé tilẹ̀ ti lọ síwájú sí i: «jupe écossaise» ni ó ń pe yẹ̀rì aláwọ̀ bẹ́ẹ̀, ìbáà jẹ́ Paris ni wọ́n ti rán an.

3. Òfin tó sọ ọ́ di ti ọkùnrin

Kí àwọn ènìyàn tó máa jiyàn lórí kilt, obìnrin òkè Scotland ti ní aṣọ tirẹ̀. Martin Martin, ọmọ erékùṣù Skye, ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1703. «Arisad» ni ó pè é, «earasaid» sì ni nínú èdè Gaelic: aṣọ funfun tó ní àwọn ìlà dúdú, búlúù àti pupa díẹ̀, tó gùn láti ọrùn dé gìgísẹ̀, tí wọ́n ṣẹ́ po yí ara ká, tí wọ́n fi ìgbànú dè, tí wọ́n sì fi ìdè fàdákà tàbí idẹ so ní àyà. Ẹ kíyè sí i: ìlà, ìṣẹ́po àti ìgbànú. Ohun mẹ́ta tí a fi ń dá kilt mọ̀ ti wà lára obìnrin nígbà náà.

Kí ló wá dé? Ní ọdún 1745, àwọn ará òkè Scotland bá Charles Edward Stuart jagun sí ọba tó wà lórí oyè. Wọ́n ṣẹ́gun wọn ní Culloden ní oṣù kẹrin ọdún 1746. Ní ọdún yẹn náà, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní London ṣe òfin tó ka aṣọ òkè Scotland léèwọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 1747. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ mú. Bí wọ́n bá tún mú un, wọn yóò kó o lọ sí òkè òkun fún ọdún méje. Àwọn tí òfin náà dárúkọ ni ọkùnrin àti ọmọdékùnrin. Ó yọ àwọn ọmọ ogun ọba sílẹ̀. Kò dárúkọ obìnrin rárá.

Ìdákẹ́jẹ́ yìí ni ó yẹ kí onímọ̀ ẹ̀dá-èdè tẹ́tí sí. Òfin náà kò bẹ̀rù aṣọ. Ara tó lè gbé idà ni ó ń bẹ̀rù. Nípa kíkà á léèwọ̀ fún ọkùnrin nìkan, ó sọ aṣọ náà di àmì ọkùnrin. Nípa fífi í sílẹ̀ fún ọmọ ogun, ó sọ ọ́ di aṣọ ogun. Nígbà tí wọ́n fagi lé òfin náà ní ọdún 1782, ọdún márùndínlógójì ti kọjá, inú àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ogun ni kilt sì ti ń gbé láìsí ìbẹ̀rù. Nígbà tí Ọba George Kẹrin bẹ Edinburgh wò ní ọdún 1822, tí Walter Scott ṣètò àríyá rẹ̀, tí ọba fúnra rẹ̀ wọ kilt, aṣọ ọkùnrin ọlọ́lá ni gbogbo ènìyàn rí.

Èyí kò mọ sí ayé àtijọ́. Nínú eré ijó òkè Scotland, àwọn ọmọbìnrin ti ń díje pẹ̀lú kilt fún ìgbà pípẹ́. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn tó ń ṣàkóso eré ní Aboyne pinnu pé kilt kò yẹ obìnrin, wọ́n sì gbé aṣọ mìíràn kalẹ̀ fún wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní aṣọ Aboyne títí di òní. Ìgbìmọ̀ ló jókòó tó ṣe ìpinnu yẹn. Bí ó bá jẹ́ pé ìwà àdámọ́ ni pé kilt jẹ́ ti ọkùnrin, kí ni ìgbìmọ̀ ń wá?

4. Ohun tí Trevor-Roper kò bi

Iṣẹ́ tó lókìkí jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni orí ìwé tí Hugh Trevor-Roper kọ sínú The Invention of Tradition, ìwé tí Eric Hobsbawm àti Terence Ranger ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1983. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ ìwé yìí nítorí ohun tí Ranger kọ nínú rẹ̀ nípa Áfíríkà. Trevor-Roper sọ pé kilt kékeré kì í ṣe ohun àtayébáyé. Gẹ́gẹ́ bí àlàyé rẹ̀, Thomas Rawlinson, ará England kan tó ń yọ́ irin ní agbègbè Glengarry ní nǹkan bí ọdún 1727, ló rí i pé aṣọ ńlá tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń dè mọ́ra ń dí wọn lọ́wọ́ nídìí iná. Ó ní kí aránṣọ gé apá òkè kúrò, kí ó sì rán àwọn ìṣẹ́po apá ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn onítàn mìíràn ti takò ó, wọ́n ní ẹ̀rí wà pé aṣọ kékeré náà ṣáájú Rawlinson.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti lágbára ni ibi tó ti sọ̀rọ̀ orúkọ tartan. Ó fi hàn pé ọ̀pọ̀ nínú orúkọ ìdílé tó wà lára tartan jẹ́ orúkọ tí oníṣòwò fi lé e. Ilé ìhunṣọ Wilson ní Bannockburn, tó ń hun aṣọ fún àwọn ọmọ ogun, máa ń fi nọ́ńbà dá àwọn kan mọ̀. Àpẹẹrẹ rẹ̀ tó múni lọ́kàn jù ni ti tartan Macpherson. Nọ́ńbà lásán ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó di Kidd, nítorí pé ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Kidd rà á lọ́pọ̀ yanturu láti fi wọ àwọn ẹrú rẹ̀ ní àwọn erékùṣù West Indies. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó tó di Macpherson. Ìlà rẹ̀ kò yí padà, òwú rẹ̀ kò yí padà. Orúkọ nìkan ló ń pààrọ̀ olówó. Àwa tí a jókòó sí etíkun tí wọ́n ti kó ẹrú lọ sí àwọn erékùṣù yẹn kò lè ka gbólóhùn yẹn kí a sì kọjá lọ.

Yorùbá ní, ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ti tartan yàtọ̀: orúkọ ni wọ́n kọ́kọ́ fi lé e kí wọ́n tó wá ilé fún un. Àwọn tó mọ ọjà Lomé kò ní yà sí èyí. Nọ́ńbà ni ilé iṣẹ́ Vlisco ń fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ankara. Àwọn ìyá oníṣòwò tí a mọ̀ sí Nana Benz ló máa ń sọ ọ́ ní orúkọ tí yóò mú kí ó tà, bí «Mon mari est capable». Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọjà mọ̀ pé ọjà ló sọ ọ́ lórúkọ. Ní Scotland, wọ́n gbàgbé.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti yapa kúrò lọ́dọ̀ Trevor-Roper nìyí: ìbéèrè tó ń béèrè ni «ta ló dá a?» Ìbéèrè yẹn ti yan ẹni tí yóò jẹ́ èsì rẹ̀. Ọkùnrin kan ni yóò jẹ́, tó ní orúkọ, tó ní ilé iṣẹ́, tó sì ní ẹni tó kọ lẹ́tà nípa rẹ̀. Àlàyé rẹ̀ dá lórí aṣọ ọkùnrin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé ohun tó fẹ́ tú ni ìgbéraga àwọn ọkùnrin. Ó tú àṣírí ìtàn náà, ṣùgbọ́n ó fi ohun kan sílẹ̀ nínú rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, ìyẹn ni pé ti ọkùnrin ni ìtàn aṣọ náà. Bí ó bá jẹ́ «kí ni ọwọ́ ń ṣe sí aṣọ yìí, àwọn wo sì ni wọ́n ti ń ṣe é?» ni ó béèrè, ì bá rí Janet, ì bá rí àwọn obìnrin inú agbada, ì bá sì rí earasaid pẹ̀lú ìṣẹ́po àti ìgbànú rẹ̀.

5. Ohun tí abẹ́rẹ́ mọ̀

Ẹni tó ní ti obìnrin jẹ́ àfarawé yẹ kó jókòó ti aránṣọ fún ọjọ́ kan. Òwú irun àgùntàn ni wọ́n fi ń hun aṣọ náà. Òwú ìbú máa ń gba orí òwú ìnàró méjì kọjá, kó tó gba abẹ́ méjì. Ìdí nìyẹn tí ìlà wínníwínní fi ń dagun lára rẹ̀ níbi tí àwọ̀ méjì bá ti pàdé. Òfin Scotland ti ọdún 2008, tó dá ìwé àkọsílẹ̀ tartan sílẹ̀, sọ pé tartan gbọ́dọ̀ jẹ́ àwòrán tó ṣeé hun, tí ìlà aláwọ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pàdé ní òró àti ní ìbú, tí ó sì ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ìpín kan tó ń tún ara rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní «sett». Kò sí ọ̀rọ̀ ọkùnrin tàbí obìnrin nínú ìtumọ̀ yẹn.

Iwájú aṣọ náà jẹ́ awẹ́ méjì tí kò ní ìṣẹ́po, ọ̀kan borí èkejì. Ẹ̀yìn ni gbogbo ìṣẹ́po wà, èyí tí àwọn aránṣọ Nàìjíríà ń pè ní pílíìtì, tí ti Porto-Novo sì ń pè ní pli. Láti ìbàdí dé ìdí, wọ́n máa ń rán ìṣẹ́po mọ́lẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti ìdí lọ sísàlẹ̀, wọ́n á fi sílẹ̀ kó máa fì. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wò ó. Ká ní obìnrin kan ní ìbàdí 74 sẹ̀ǹtímítà àti ìdí 100. Aránṣọ fún awẹ́ iwájú ní 48 ní ìdí, ó ku 52 fún ẹ̀yìn. Bí ìṣẹ́po bá jẹ́ 26, sẹ̀ǹtímítà 2 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò fi hàn níbẹ̀. Ní ìbàdí, iwájú gba 36, ẹ̀yìn gba 38; ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wá sí nǹkan bí 1.46. Ká tún mú ọkùnrin kan tí ìdí rẹ̀ jẹ́ 100 bákan náà, ṣùgbọ́n tí ìbàdí rẹ̀ jẹ́ 86. Ẹ̀yìn gba 44 ní ìbàdí, ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan sì wá sí nǹkan bí 1.69. Ti ọkùnrin fi 0.31 dínkù, ti obìnrin fi 0.54. Lórí gbogbo ìṣẹ́po 26, láìsí àfojúdá, aránṣọ gbọ́dọ̀ pa ìyàtọ̀ yẹn mọ́ sínú, kí àwọn ìlà òró sì máa sún mọ́ ara wọn díẹ̀díẹ̀, kí ìlà ìbú ti ìṣẹ́po kan sì bá ti èkejì dọ́gba.

Ìpinnu mìíràn tún wà. Ká ní sett aṣọ náà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 16. Bí aránṣọ bá fẹ́ kí ìlà kan náà hàn lórí gbogbo ìṣẹ́po, bí àwọn ọmọ ogun ṣe sábà ń ṣe, ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan yóò jẹ odidi sett kan, 416 sẹ̀ǹtímítà ni ẹ̀yìn yóò sì gbà. Bí ó bá fẹ́ kí àwòrán tartan náà hàn lódidi lẹ́yìn bí ẹni pé wọn kò ṣẹ́ ẹ po rárá, ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ sún síwájú ní 2 sí i, ẹ̀yìn yóò sì gba 468. Gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń rán an. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Aṣọ yìí kò ṣeé bá ẹlòmíràn rán.

Nítorí náà, bí a bá ní kí a fi iṣẹ́ ọwọ́ ṣe òṣùwọ̀n, ti obìnrin ni ó sábà ń béèrè ọgbọ́n jù níbi ìbàdí. Ṣùgbọ́n àwọn aránṣọ kan máa ń lo «kilted skirt» fún èyí tí aṣọ rẹ̀ fúyẹ́, tí ìṣẹ́po rẹ̀ kò pọ̀, tí wọ́n fi ẹ̀rọ rán, wọn á sì máa pe èyí tó kún ní «ladies' kilt». Nínú èrò Roman Jakobson nípa ọ̀rọ̀ alámì àti aláìlámì, ohun tó ṣẹlẹ̀ hàn kedere. Kilt nìkan, láìlámì, jẹ́ ti ọkùnrin. Ti obìnrin gbọ́dọ̀ ní àmì. Bí ó bá kún tó ti ọkùnrin, a fi obìnrin ṣe àmì rẹ̀; bí kò bá kún tó, a yọ ọ́ kúrò nínú orúkọ pátápátá, ó di yẹ̀rì. A kò ní orúkọ fún kilt ọkùnrin tí aṣọ rẹ̀ kò kún. Kilt ṣì ni. Ìwọ̀n aṣọ kọ́ ni ó ń darí àwọn orúkọ yìí.

6. Kí ni kí a pè é?

Mo padà sí ìwé akẹ́kọ̀ọ́ mi. «Jupe» kò tọ̀nà nínú ìtumọ̀ sí Yorùbá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wà lẹ́nu wa. «Yẹ̀rì» sàn jù ú lọ, ṣùgbọ́n yẹ̀rì máa ń pàdé yí ara ká. Ènìyàn á ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ ni. Kilt ṣí sílẹ̀; a ń mú un yí ìdí ni, etí kan á borí èkejì, a ó sì dè é. Ìyẹn jẹ́ iṣẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe «ró». Nínú èyí, «ìró» súnmọ́ ọn jù.

Síbẹ̀, ìró náà ní àléébù, a kò sì gbọdọ̀ fi pa mọ́. A kì í rán ìṣẹ́po ìró mọ́lẹ̀. Ẹni tó ró o ló ń ṣe é lójoojúmọ́. Ìyá lè ró o láàárọ̀, kí ọmọ ró o lálẹ́. A kò lè sọ pé a wọn ìró kan mọ́ ẹnì kan lára. Bí a bá pe kilt ní ìró lásán, gbogbo iṣẹ́ aránṣọ tí mo ṣàlàyé ní ìpín karùn-ún ti sọnù. Ọ̀rọ̀ kejì tí akẹ́kọ̀ọ́ náà fi kún un ló gbà á là. «Oníṣẹ̀ẹ́po» sọ pé ìṣẹ́po náà jẹ́ ara aṣọ, kì í ṣe ohun tí olówó rẹ̀ ń ṣe sí i lórí ìdúró. Ó tún jọ «kilted» ní ìpilẹ̀ rẹ̀: ìṣe tó ti di ìwà aṣọ.

Àbá mi ni pé kí a máa lo «ìró oníṣẹ̀ẹ́po» fún aṣọ náà, ìbáà jẹ́ ọkùnrin ló wọ̀ ọ́, ìbáà jẹ́ obìnrin. Níbi tí àyọkà bá ti ń sọ̀rọ̀ Scotland ní pàtó, a lè fi kilt sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ àyálò, kí a sì fi «tartan» dárúkọ aṣọ tí a fi rán an. Bí ìyàtọ̀ akọ àti abo bá ṣe pàtàkì nínú àyọkà, kí a fi àmì sára méjèèjì: ti ọkùnrin, ti obìnrin. Bí kò bá ṣe pàtàkì, kí a má fi sára ìkankan. Ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe mọ́ ni kí a fi «aṣọ ọkùnrin» ṣe ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà, kí a sì wá máa fi ẹnu kọ nígbà tí obìnrin bá wọ̀ ọ́.

Ẹnìkan lè sọ pé àṣà àwọn tó ni aṣọ ni kí a tẹ̀ lé, pé bí àwọn ará Scotland fúnra wọn bá ní aṣọ ọkùnrin ni, ta ni àwa? Èsì mi ni pé àwọn ará Scotland kò sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn kan. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ń ná owó púpọ̀, wọ́n sì ń dúró de aránṣọ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí wọ́n tó rí i gbà. Àwọn náà wà lára àwọn tó ni ín. Atúmọ̀ tó gbọ́ ohùn òfin àti ti ìgbìmọ̀, tí kò sì gbọ́ tiwọn, kò tíì gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀.

7. Ìgúnlẹ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti rí i pé ìṣe ni kilt kó tó di aṣọ, àti pé obìnrin wà lára àwọn tó ń ṣe é. A rí òfin tó sọ ọ́ di ti ọkùnrin nítorí ìbẹ̀rù ogun, a rí onítàn tó tú àṣírí orúkọ rẹ̀ láìbéèrè ìbéèrè tó kù, a sì rí abẹ́rẹ́ tó ń sọ òtítọ́ tí orúkọ ń bò mọ́lẹ̀. Ohun tó kù fún àwa atúmọ̀ ni kí a máa yẹ àkọlé ìwé atúmọ̀ èdè wò bí a ṣe ń yẹ ẹ̀rí wò: ta ló sọ ọ́, ìgbà wo ló sọ ọ́, ta ni kò sí níbẹ̀ nígbà tí ó ń sọ ọ́?

Mo ti dá máàkì méjèèjì padà fún ọmọ Kétu náà. Mo pa ohun tí mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé rẹ̀ rẹ́, mo sì kọ mìíràn sí i: «O tọ̀nà ju olùkọ́ rẹ lọ. Ṣàlàyé ìdí rẹ̀ nígbà mìíràn.»